Èwo nínú adìẹ ẹlẹ́yin ló lè fara da ooru Ifẹ̀ àti Iléṣà?

Ẹni tó bá fẹ́ yan adìẹ ẹlẹ́yin fún àdúgbò wa, kí ó kọ́kọ́ wọ ilé adìẹ ẹnìkan ní aago méjì ọ̀sán nínú oṣù kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa. Kí ó dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tó bá rí níbẹ̀ yóò wúlò fún un ju iye ẹyin tí àwọn tó ń ta òròmọdìẹ máa ń kà sí ni létí lọ.

Èmi náà kò mọ èyí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ọdún kẹta tí mo ti ń sin adìẹ ní Iléṣà ni mo kó irú adìẹ ẹlẹ́yin méjì, Isa Brown pupa 150 àti Nera dúdú 150, sí abẹ́ òrùlé kan náà. Wáyà ni mo fi dá wọn sí méjì. Omi kan náà ni wọ́n ń mu, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ. Ọjọ́ kan wá wà tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá. Òjò ti ṣú láti àárọ̀, kò rọ̀, oòrùn sì tún là. Nígbà tí mo wọlé, gbogbo Isa ti na apá sílẹ̀, wọ́n ya ẹnu, ọ̀fun wọn ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Oúnjẹ wà nínú ọpọ́n, kò sí èyí tó bojú wò ó. Àwọn dúdú náà ń mí hẹlẹhẹlẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń dìde lọ mu omi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti gbé òkú Isa mọ́kànlá jáde, Nera mẹ́ta.

Àwọn tí kò kú náà kò bọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo na ọwọ́ mú ẹyin kan nínú ìtẹ́, àtàǹpàkò mi sì wọ inú rẹ̀ bí ẹni ki ìka bọ ẹ̀kọ. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ìwé. Odindi kíréètì méjì ni mo dà nù lọ́jọ́ yẹn, nítorí kò sí alájàpá tó lè gbé irú ẹyin bẹ́ẹ̀ dé ọjà.

Ìdí tí ooru tiwa fi le ju ti ibòmíràn lọ

Adìẹ kì í làágùn. Ara rẹ̀ máa ń gbóná tó nǹkan bí 41°C kódà nígbà tí kò ṣàìsàn, ibi tó bá sì wà láàárín 18°C sí 24°C ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Ẹ fi èyí wé ọ̀sán tiwa ní oṣù kejì àti ìkẹta, tó máa ń lé ní 32°C. Ọ̀nà mélòó kan péré ló ní láti fi tú ooru dànù: ogbe orí rẹ̀ àti awọ pupa tó rọ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ibi tí ìyẹ́ kò bò lára rẹ̀, àti èémí. Bó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, omi inú ọ̀fun rẹ̀ ló ń fà gbẹ kí ara rẹ̀ lè tutù. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ti kún fún omi kò lè gba omi mìíràn. Aṣọ tí a sá lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run ṣú, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí ní ìrọ̀lẹ́. Bí ọ̀fun adìẹ ṣe ń rí nìyẹn ní ilẹ̀ igbó tiwa yìí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí 33°C ní Iléṣà lẹ́yìn òjò fi lè nira fún adìẹ ju 36°C ní Kano nínú ọ̀gbẹlẹ̀ lọ.

Mímí náà ní ìyà tirẹ̀. Bí adìẹ bá ń mí sáré, carbon dioxide inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń tán, bẹ́ẹ̀ òun ni ara rẹ̀ ń lò pẹ̀lú kálísíọ́mù láti fi ṣe èèpo ẹyin. Ó tún ti ṣíwọ́ oúnjẹ, kálísíọ́mù tí ì bá ti inú oúnjẹ wá kò sì dé. Ibi tí ẹyin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti ń wá nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á sáré lọ ra òògùn kòkòrò lọ́wọ́ onífáàmásì, ooru ni.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni mo máa ń wò lára adìẹ kí n tó rà á: bó ṣe wúwo tó, bí ogbe rẹ̀ ṣe tóbi tó, bí ìyẹ́ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àti bó ṣe ń fi tipátipá yé tó. Ẹ̀kẹrin yẹn ni àwọn ènìyàn kì í kà sí. Oúnjẹ tí adìẹ bá jẹ láti fi yé ẹyin lójoojúmọ́, ara rẹ̀ ń sọ ọ́ di ooru. Adìẹ tó bá ń yé jù ló ń dáná sínú ara rẹ̀ jù.

| | Isa Brown | Nera dúdú | Leghorn funfun | Adìẹ ìbílẹ̀ |
|---|---|---|---|---|
| Ẹyin lọ́dún bí ìtọ́jú bá pé | ó lé ní 300 | ó dín díẹ̀ sí ti Isa | kò jìnnà sí ti Isa | 40 sí 80 |
| Àwọ̀ ẹyin | pupa | pupa | funfun | ó ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó kéré |
| Ìwúwo àgbébọ̀ | nǹkan bí 2 kg | ó lé ní 2 kg | 1.6 sí 1.8 kg | 1 sí 1.5 kg |
| Oúnjẹ lójúmọ́ | 110 sí 115 g | ó lé díẹ̀ sí ti Isa | 100 sí 105 g | ó ń wá èyí tó pọ̀ jẹ fúnra rẹ̀ |
| Ṣé ó ń sàba? | rárá | rárá | rárá | bẹ́ẹ̀ ni, dáadáa |

Isa Brown àti Nera: ibi tí ìjà wà gan-an

Ilẹ̀ Faransé ni Isa Brown ti wá, ní 1978. Lohmann Brown tó ti Jámánì wá àti Bovans Brown, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni mo ka gbogbo wọn sí. Ohun tí mo bá sọ nípa Isa, ẹ fi bá àwọn yẹn wí. Kò sí irọ́ níbẹ̀, bí ẹ bá fún Isa ní ohun tó fẹ́, ó máa yé fún yín títí ẹ ó fi máa wá kíréètì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20, ó sì ń yé ẹyin pupa tó tóbi, tó ń dán.

Ohun tó fẹ́ yẹn ni kò rọrùn. Ó fẹ́ oúnjẹ tó péye lójoojúmọ́, ó fẹ́ afẹ́fẹ́, ó fẹ́ omi tútù. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí omi bá tán fún wákàtí mélòó kan nínú ooru, ẹ máa rí i nínú ẹyin yín fún ọ̀sẹ̀ méjì. Òṣìṣẹ́ mi kan gbàgbé láti ṣí omi fún wọn ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, gbogbo wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹyin tó ń pé kíréètì mẹ́rin lójúmọ́ já sí méjì àbọ̀, kò sì padà sí bó ṣe wà mọ́ títí a fi tà wọ́n.

Nera, tí àwọn mìíràn ń pè ní bíláàkì, ọmọ Rhode Island Red àti Plymouth Rock ni, Amẹ́ríkà ni ìdílé méjèèjì ti ṣẹ̀. Ó wúwo ju Isa lọ díẹ̀, ó ń jẹun jù ú lọ díẹ̀, ẹyin rẹ̀ sì dín díẹ̀. Lórí ìwé, Isa ló borí. Nínú ilé adìẹ tèmi, tí kò ní fáànù, tí iná kì í sábà wà, Nera ló mú owó wọlé jù lọ́dún yẹn, nítorí kò fi bẹ́ẹ̀ já sílẹ̀ láti oṣù kejì dé ìkẹrin. Kì í fi agídí yé bíi ti Isa, bí ooru bá dé ó dín ọwọ́ kù, bí ooru bá lọ ó tún gbé e.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé ìyẹ́ dúdú kọ́ ló ń fa oòrùn mọ́ra. Ó ń fà á, bí ẹ bá tú u sílẹ̀ sínú oòrùn gbangba. Lábẹ́ òrùlé, àwọ̀ ìyẹ́ kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ máa da Nera síta, kí ó ní igi máńgòrò tàbí ẹ̀gúsí tó nà sórí pẹpẹ igi tí wọ́n lè sá sí abẹ́ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí Nera fi ń san oúnjẹ àjẹlé rẹ̀ padà. Nígbà tí ẹyin bá dákẹ́, tí ẹ fẹ́ tà wọ́n fún Kérésìmesì tàbí Iléyá, ìyá tó bá fẹ́ ra àgbébọ̀ kì í wo ìwé. Ó máa gbé adìẹ náà lọ́wọ́, á tẹ igẹ̀ rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ níṣojú mi lẹ́ẹ̀mẹta ní ọjà Atákúnmọ́sà: wọ́n á kọ́kọ́ ko gbogbo dúdú tán kí wọ́n tó fi ojú sára pupa.

Leghorn: ooru kò bà á lẹ́rù, ọjà ló ń bà á jẹ́

Bí ó bá jẹ́ ooru nìkan ni a ń wò, Leghorn ni kí gbogbo wa máa sìn. Etí òkun Livorno ní Ítálì ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ó fúyẹ́, ogbe rẹ̀ tóbi tó fi máa ń ṣubú bo ojú kan, ogbe yẹn ló sì ń fi ooru sílẹ̀. Kò jẹun púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: 100 Isa máa ń jẹ nǹkan bí 11.5 kg lójúmọ́, àpò oúnjẹ 25 kg kò lè tó wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. 100 Leghorn kò ju nǹkan bí 10 kg lọ. Ìyàtọ̀ yẹn lóṣù kan jẹ́ 45 kg, ó kù díẹ̀ kó pé àpò méjì. Bí oúnjẹ adìẹ ṣe wọ́n báyìí, kì í ṣe owó kékeré.

Ṣùgbọ́n funfun ni ẹyin rẹ̀. Mo gba àwọn díẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, mo gbé kíréètì mẹ́wàá lọ bá ìyá tó máa ń ra ẹyin lọ́wọ́ mi. Ó mú ẹyọ kan, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Ọmọ mi, ẹyin yìí ṣe fẹ́ funfun báyìí? Àwọn oníbàárà mi á ní ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi ni."

Mo fọ́ ẹyọ kan sínú abọ́ fún un, mo fọ́ pupa kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Àwọ̀ èèpo kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú oúnjẹ tó wà nínú ẹyin. Bí àgbàdo pupa bá pọ̀ nínú ohun tí adìẹ ń jẹ, inú ẹyin á pọ́n. Ìyá gbà pẹ̀lú mi, ó dúpẹ́, ó sì tún ra ti funfun ní owó tó kéré. Kò jẹ̀bi. Òun ló máa jókòó ti ọjà, kì í ṣe èmi. Ẹni tó bá ní oníbàárà tí kì í wo èèpo, bíi àwọn tó ń ṣe kéèkì, tàbí àwọn tó ń dín ẹyin sí Indomie fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyíká Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, kí ó tọ́ Leghorn wò bó bá rí i rà. Ó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ẹ sì mọ̀ pé ó ń jáyà, ó sì ń fò. Ògiri kékeré kò lè dá a dúró.

Adìẹ ìbílẹ̀, pàápàá abólọ́rùn

Àwa tí ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ wa sọ pé adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ló fi ẹsẹ̀ tan ilẹ̀ ká ní Ifẹ̀, kò yẹ ká máa fojú tín-ín-rín adìẹ ilẹ̀ wa. Ẹyin 40 sí 80 lọ́dún kò lè bọ́ oníṣòwò, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo adìẹ ìbílẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán yẹn kan náà. Ó ti gbẹ́ ihò sábẹ́ igi kòkó, ó dùbúlẹ̀ sínú erùpẹ̀ tútù, ó pa ẹnu dé.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni abólọ́rùn, èyí tí ìyẹ́ kò hù sí lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé ó burẹ́wà, wọ́n á sì pa á jẹ kó tó pọ̀ sí i. Ìpàdánù gidi ni. Kì í ṣe ọrùn nìkan ni ìyẹ́ rẹ̀ ti dín. Bí ó bá jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo, ìyẹ́ gbogbo ara rẹ̀ á dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Bó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá, ó lè tó ìdá méjì nínú márùn-ún. Awọ tó ṣí sílẹ̀ yẹn ni ooru ń gbà jáde. Ẹ lè fi ojú mọ èyí tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí méjèèjì: ọrùn rẹ̀ á mọ́ pátápátá. Èyí tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnìkan á ní ìdì ìyẹ́ kékeré kan níwájú ọrùn, lókè igẹ̀, bí ẹni so táì.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ẹni tó bá ní àkùkọ abólọ́rùn tí ọrùn rẹ̀ mọ́ pátápátá, tó fi í sí àárín àgbébọ̀ Nera mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí ló máa bọ́ lọ́rùn. Wọn kò ní yé tó ìyá wọn, ṣùgbọ́n wọ́n á ju bàbá wọn lọ dáadáa, wọ́n á sì lè rìn síta nínú ooru. Ẹ ó nílò adìẹ ìbílẹ̀ kan láti sàba lé ẹyin náà, nítorí Nera kì í sàba.

Òpìpì náà ṣe é sìn, àmọ́ apá rẹ̀ kò lè gbé e fò, ajá àti àwòdì tètè ń mú un. Ọ̀tá gbogbo adìẹ ìbílẹ̀ ni àrùn lùkúlùkú (Newcastle). Ìgbà ọyẹ́ ló máa ń jà jù, ó sì lè pa gbogbo ọgbà tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àjẹsára rẹ̀ wà, a máa ń pò ó mọ́ omi mímu. Ẹ má ṣe gbà pé ti ìbílẹ̀ kò nílò rẹ̀.

Ẹyin wọn kéré, ṣùgbọ́n ó máa ń wọ́n ju ti ọgbà lọ. Ní Ifẹ̀, níbi tí ọdún ìbílẹ̀ kì í tán, ẹyin náà àti adìẹ fúnra rẹ̀ kì í dùbúlẹ̀ lọ́jà.

Àwọn méjì kan tún wà láàárín. Noiler ti iléeṣẹ́ Amo ní Awẹ́, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àti FUNAAB Alpha tí Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Abẹ́òkúta ṣe, tí ìjọba fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2018. Ẹran àti ẹyin ni a fi ṣe àwọn méjèèjì, wọ́n sì lè jẹ̀ kiri. Bí ẹyin nìkan lẹ fẹ́ tà, wọn kò lè bá Isa tàbí Nera dù ú.

Ta ni kó ra èwo?

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìrémọ ní Ifẹ̀, tó ní àgbàlá àti ogójì adìẹ lọ́kàn: Nera ogún, ìbílẹ̀ mẹ́wàá, àkùkọ abólọ́rùn kan. Kó má fẹ́ ogójì lọ́dún àkọ́kọ́.

Ẹni tó fẹ́ sin 500 sínú kéèjì kó rò ó dáadáa. Adìẹ inú kéèjì kò lè lọ sí ibòji, kò lè gbẹ́ ilẹ̀. Bí ilé yín bá ga, tí gígùn rẹ̀ bá lọ láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn kí oòrùn má baà wọ ẹ̀gbẹ́, tí ògiri kò ga ju orókún lọ, tí òkè rẹ̀ jẹ́ wáyà, tí omi kò sì ní tán, ẹ ra Isa, á san yín. Bí páànù bá rẹlẹ̀ lórí wọn, tí ilé ẹlòmíràn sì dí afẹ́fẹ́, Nera ni, kí ẹ sì dín iye rẹ̀ kù. Ìjẹ̀ṣà ni wá, a mọ owó ṣírò: 350 tó wà láàyè nínú oṣù kẹrin sàn ju 500 tí a gbé òkú 90 jáde nínú rẹ̀ lọ.

Èyíkéyìí tó wù kí ẹ yàn, ẹ má gbé táǹkì dúdú sínú oòrùn kí ẹ sì máa fa omi rẹ̀ fún adìẹ. Mo ti fi ọwọ́ kan omi bẹ́ẹ̀ rí, ó tó wẹ ọmọ. Adìẹ máa ń mu omi tó ìlọ́po méjì oúnjẹ rẹ̀, nínú ooru ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò ní mu omi gbígbóná. Ẹ da imọ̀ ọ̀pẹ bo táǹkì náà, ẹ ri páìpù mọ́lẹ̀. Ẹ fún wọn lóúnjẹ ní aago mẹ́fà àárọ̀ àti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí oúnjẹ má máa dà nínú wọn ní ọ̀sán gangan.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ rà

Ẹnìkan ta òròmọ Isa fún mi nígbà kan, ó ní abo ni gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n pé oṣù mẹ́ta, àkùkọ 22 ló ń kọ ní àárọ̀. Mi ò bá ti mọ̀ ní ọjọ́ tí mo ṣí páálí. Òròmọ Isa tó jẹ́ abo máa ń pọ́n, akọ máa ń funfun. Ti Nera, dúdú ni méjèèjì, ṣùgbọ́n akọ máa ń ní àmì funfun kan lórí. Ẹ tú páálí náà níwájú ẹni tó gbé e wá, ẹ kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó gba owó.

Ọjọ́ tí ẹ rà á náà ṣe pàtàkì tó irú adìẹ tí ẹ rà. Adìẹ ẹlẹ́yin máa ń yé jù láàárín ọ̀sẹ̀ 26 sí 30. Bí ẹ bá ra òròmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, ìgbà tí wọ́n ń yé jù yẹn á bọ́ sí oṣù kẹrin, ara wọn á ti máa gbóná nínú, ìta náà á gbóná. Ohun tó pa Isa mi mọ́kànlá nìyẹn, oṣù kẹsàn-án ni mo rà wọ́n. Bí ẹ bá rà á ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ẹyin ní nǹkan bí àárín oṣù kẹsàn-án, wọ́n á yé jù nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí ooru oṣù kẹta bá sì fi dé, wọ́n á ti lé ní ọ̀sẹ̀ 40, wọ́n á ti dàgbà mọ́ ilé, ọwọ́ ẹyin wọn á ti rọlẹ̀ díẹ̀. Òjò oṣù karùn-ún máa ń mú kí ilẹ̀ tutù, àrùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ sì fẹ́ràn ilẹ̀ tutù, nítorí náà ẹ máa pààrọ̀ ìyẹ̀fun pákó abẹ́ wọn nígbàkúùgbà tó bá ti lẹ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ẹ ti bá ẹni tí ẹ fẹ́ rà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti oṣù kẹta, nítorí bó bá ti di oṣù karùn-ún, Nera ló máa ń kọ́kọ́ tán.